Bọ́tìnnì Tó Kẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Occupational Therapy Láàárín Àwọn Ọmọ Tó Ní Ìpèníjà

Lálẹ́ òní, kí o tó sùn, mú ẹ̀wù kan tó ní bọ́tìnnì. Ká ọwọ́ tí o fi ń jẹun sẹ́yìn, kí o wá fi ọwọ́ kejì nìkan wọ ẹ̀wù náà títí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ yóò fi wọ ojú wọn. Má kánjú. Máa ka ohun tí o ń ṣe bí o ṣe ń ṣe é: o wá ọrùn ẹ̀wù, o mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn, o ti ọwọ́ bọ apá rẹ̀, o fà á gun èjìká, o wá bọ́tìnnì, o wá ojú rẹ̀, o fi ìka dà á sí ẹ̀gbẹ́, o tì í wọlé díẹ̀, o jáwọ́, o tún fà á láti òdìkejì. Bí o bá kà á tó bíi ogún kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó wọlé, tí inú ò bí ọ, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń wù ọ́ láti mọ ibi tó ti le gan-an, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí bá ọ lára mu. Bí o bá ti ju ẹ̀wù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, má tíì sá o. Ka ìyókù ná.

Orúkọ tí ayé mọ iṣẹ́ náà sí ni occupational therapy. Àwa tó wà nídìí rẹ̀ máa ń pè é ní OT, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè é níbí. Orúkọ yìí gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á ní ṣé a máa ń wá iṣẹ́ oṣù fún aláìsàn ni. Rárá. "Iṣẹ́" tí à ń sọ ni gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ àti ọkàn èèyàn láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá sùn. Iṣẹ́ ọmọdé ni eré, oúnjẹ jíjẹ, aṣọ wíwọ̀, ìwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìwé kíkọ, àti ìjà kékeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Níbi tí àìsàn, ìpalára tàbí bí a ṣe bí ọmọ bá ti ń dí i lọ́wọ́ láti ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ibẹ̀ la ti ń wọlé. Iṣẹ́ yẹn la fi ń ṣe oògùn fún un, òun náà la sì ń wá.

Lọ́dún 1917, àwọn èèyàn díẹ̀ kóra jọ sí Clifton Springs ní ìpínlẹ̀ New York láti dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. William Rush Dunton, tó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Eleanor Clarke Slagle, obìnrin tó jẹ́ aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí, náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà wọ́n lálejò, George Barton, kì í ṣe dókítà rárá. Ayàwòrán ilé ni, apá òsì ara rẹ̀ ti rọ rí, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì fi gbé ara rẹ̀ dìde. Mo fẹ́ràn láti máa rántí èyí: ó kéré tán, ẹnì kan wà nínú àwọn tó bí iṣẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ kan wọ ẹ̀wù kì í ṣe ìtàn létí rẹ̀.

Wọ́n á tún béèrè ohun tó yà wá sọ́tọ̀ sí onífisiotẹ́rápì. Ààlà náà kì í mọ́lẹ̀ kedere, a sì jọ máa ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ kan náà. Bí mo ṣe máa ń là á yé àwọn òbí nìyí: onífisiotẹ́rápì ń ṣiṣẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ lè gbé e dìde; oníṣẹ́ OT á béèrè pé, tó bá dìde tán, kí ló fẹ́ lọ ṣe?

Ìgbésẹ̀ kìíní: lọ wo iṣẹ́ náà kí o tó sanwó ilé ẹ̀kọ́

Wá ilé ìwòsàn ọmọdé tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, kí o tọrọ àyè láti jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́wàá. Ọjọ́ kan kò tó. Lọ́jọ́ kan, eré àti ẹ̀rín lo máa rí. Ní ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje lo máa tó rí iṣẹ́ náà: itọ́ tó ń dà sí ọ láṣọ, ọmọ tó bu èèyàn jẹ, ìyá tó ń sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohun ìṣeré tí a gbọ́dọ̀ fọ̀ lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí nígbà tí àwọn yòókù ti ń lọ sílé. Wàá sì rí ọmọ tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìka kan ṣoṣo tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, jókòó lé ọwọ́ rẹ. Mi ò ṣàwàdà. Àánú ni yóò kọ́kọ́ sún ọ láti na ọwọ́ gba ṣíbí tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ. Àánú yẹn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Ọmọ tí gbogbo ayé ń bá ṣe nǹkan, kò ní àyè láti kọ́ ọ. Ka ení, èjì, dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn rẹ kí o tó ṣèrànwọ́ kankan, kí o sì máa wo ohun tí ọmọ náà á ṣe láàárín ìgbà yẹn. Ìwọ̀nyí ló máa sọ ohun tó kù fún ọ láti ṣe: bóyá ó yí ọwọ́, bóyá ó gbé orí sún mọ́ ṣíbí, bóyá ó wojú rẹ pé kí o gbà á. Ẹni tí kò bá lè dúró kí ó ka ẹẹ́wàá, á rí i pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ mìíràn tó ń béèrè ìyára bá òun mu jù, kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé ẹ̀kọ́

Yunifásítì la ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, oyè àkọ́kọ́ tó ń gba ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń sọni di oníṣẹ́ OT. Ní Amẹ́ríkà, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ: oyè kejì tàbí ti ọ̀mọ̀wé ni, lẹ́yìn náà wàá jókòó fún ìdánwò NBCOT, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ OT ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀, kí o tó gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí o ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ ìlera sílẹ̀, kí o tó lè pe ara rẹ ní oníṣẹ́ OT. Ẹni tó bá jẹ́ orúkọ náà láìforúkọ sílẹ̀ ti rú òfin. Ọ̀nà àbùjá kan tún wà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ti olùrànlọ́wọ́ oníṣẹ́ OT. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kúrú, abẹ́ ẹlòmíràn lo sì ti máa ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan fojú kéré e, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ló sábà máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o wádìí kí o tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi ni bóyá ẹgbẹ́ àgbáyé tiwa, World Federation of Occupational Therapists, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ilé ìwé náà. Ìlànà wọn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ gan-an kí ó tó gboyè. Ilé ìwé tí kò bá lè sọ ibi tí wákàtí wọ̀nyẹn á ti wá, fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn ni wàá mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí tí wọn ò fọwọ́ sí lè sọni di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kọ́ nípa egungun àti iṣan ló ń lé ọ̀pọ̀ padà ní ọdún àkọ́kọ́. Má fi ìwé nìkan kọ́ ọ. Ara tìrẹ ni kí o fi kọ́ ọ: gbé ife, kí o fọwọ́ kan ibi tí iṣan ti ń sún kì ní apá rẹ; di kọ́kọ́rọ́ mú, kí o wo ohun tí àtàǹpàkò ń ṣe tí ìka mẹ́rin yòókù ò lè ṣe. Èjìká ni kí o mọ̀ dáadáa, nítorí ọwọ́ tí èjìká rẹ̀ ò dúró kò ní kọ̀wé. Ìdàgbàsókè ọmọ àti ètò iṣan láti ọpọlọ náà, má ṣeré níbẹ̀.

Ilé ìwé yóò sì kọ́ ọ nípa àgbàlagbà, nípa àrùn ọpọlọ, nípa ẹni tí ara rẹ̀ rọ lápá kan, bó o tilẹ̀ ti pinnu pé ọmọdé nìkan lo fẹ́. Má sùn nínú kíláàsì wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá tí oorun kì í kùn, tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára, ni yóò gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ, bí o ò bá sì rí ìyá, o ò ní rí ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀kọ́ ojú iṣẹ́, àti bí a ṣe ń kọ ohun tí a rí

Béèrè pé kí wọ́n rán ọ lọ síbi tí ọmọdé wà fún ó kéré tán ìgbà kan nínú wákàtí wọ̀nyẹn. Yan ọ̀gá tó máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ ju ọ̀gá tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ.

Ohun tí kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì ni àkọsílẹ̀. "Ọmọ náà ń gbìyànjú" kì í ṣe àkọsílẹ̀. "Ó ṣe dáadáa lónìí" burú ju ìyẹn lọ. Kọ ohun tí ẹlòmíràn lè fojú rí: "Ó fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún láti gìgísẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, ìgbà mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìyá ló fi bọ àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó jókòó lórí àga kékeré, ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀." Ẹni tó bá kà á lóṣù mẹ́ta sí i yóò mọ ibi tí a bá dé. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kọ ìwé bíi pé ilé ẹjọ́ ni yóò kà á, nítorí nígbà mìíràn ilé ẹjọ́ náà ni yóò kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mọ àìsàn, má jẹ́ kó bo ọmọ mọ́ ọ lójú

Cerebral palsy ni wàá bá pàdé lọ́pọ̀ ìgbà. Ìpalára sí ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà ló ń fà á. Ìpalára náà kì í pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe sí iṣan àti oríkèé máa ń yí padà bí ọmọ ṣe ń ga. Kọ́ bí a ṣe ń lo MACS, òṣùwọ̀n onípele márùn-ún tó ń sọ bí ọmọ ọdún 4 sí 18 tó ní àrùn yìí ṣe ń lo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lójoojúmọ́. Ọmọ ìpele kìíní ń di nǹkan mú pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ti ìkarùn-ún kò lè di nǹkan mú, ó nílò ìrànlọ́wọ́ pátápátá. Ohun tó dára nínú òṣùwọ̀n yìí ni pé ohun tí ọmọ ń ṣe nílé ló ń béèrè, kì í ṣe ohun tó lè fi han dókítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn yòókù, mo kàn fẹ́ kí o ní ohun kan lọ́kàn nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọmọ tó ní Down syndrome (àbímọ́ tó máa ń mú kí ọmọ pẹ́ kó tó mọ nǹkan): egungun ọrùn rẹ̀ lókè lè má dúró ṣinṣin, nítorí náà má jẹ́ kó tàkìtì títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ní spina bifida (egungun ẹ̀yìn tí kò pa dé nígbà tí ọmọ wà nínú oyún): ó lè má mọ ohunkóhun lára ní ìdí àti ẹsẹ̀, egbò á ti jìn kó tó mọ̀, nítorí náà a máa ń yẹ awọ ara rẹ̀ wò lójoojúmọ́, béèrè pẹ̀lú bóyá rọ́bà latex máa ń bá a jà, kí o tó wọ ìbọ̀wọ́. Ọmọkùnrin tó ní Duchenne (àrùn àjogúnbá tó ń jẹ iṣan): iṣan rẹ̀ ń dínkù bọ̀, má fi eré ìdárayá líle ta á jí; ètò àga onítáyà ni kí o bẹ̀rẹ̀ kí ìrìn tó dáwọ́ dúró. Autism, ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń bá èèyàn àti ayé lò, gbòòrò dé ibi tí ọmọ méjì tó ní i kò ní jọra rárá, ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun mọ "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe" kò tíì pàdé tó mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àyẹ̀wò àkọ́kọ́

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ jókòó pẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Oníṣẹ́ tuntun á kó pátákó, ìlẹ̀kẹ̀ àti òṣùwọ̀n jáde, á ní kí ọmọ to ìlẹ̀kẹ̀ sókùn, á kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé ìlẹ̀kẹ̀ ni ìṣòro ọmọ náà? Òbí ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, má sì béèrè pé "Kí ni ìṣòro ọmọ yín?" Wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún dókítà títí ó fi sú wọn, orúkọ àìsàn nìkan ni wọ́n á kà fún ọ. Sọ báyìí pé: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí àárọ̀ àná ṣe lọ fún mi, láti ìgbà tí ẹ jí." Kí o wá dákẹ́. Á sọ ìgbà tí wọ́n jí, ẹni tó gbé e lọ ìwẹ̀, ibi tí igbe ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń ṣe nígbà náà, ìgbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun. Nínú àárọ̀ kan ṣoṣo yẹn, wàá gbọ́ bí iṣẹ́ mẹ́rin márùn-ún tí o lè ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o mú Canadian Occupational Performance Measure jáde, tí à ń pè ní COPM. Òbí tàbí ọmọ fúnra rẹ̀ á dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣeé ṣe, wọ́n á fi nọ́ńbà 1 sí 10 sọ bó ti ṣe pàtàkì tó, bí ọmọ ṣe ń ṣe é tó lọ́wọ́lọ́wọ́, àti bí ó ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn tó. Lóṣù mélòó kan sí i, a ó tún béèrè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé àwọn tó ni ilé ló ń yan iṣẹ́.

Bi ọmọ náà léèrè pẹ̀lú. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, fi àwòrán hàn án, wo ibi tí ojú rẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí bàbá ti fẹ́ kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀, tí ìyá fẹ́ kó dá jẹun, tó sì jẹ́ pé ohun tí ọmọ fẹ́ kò ju kó lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù. Èjìká tó ń ju bọ́ọ̀lù náà ló ń gbé ṣíbí.

Bí àyè bá wà, lọ sílé wọn. Ọmọ tó ń dá lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nílé ìwòsàn lè máà dé ọ̀dọ̀ tiwọn nílé nítorí àtẹ̀gùn kan péré.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tú iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́

Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló wà: a lè yí ohun tí ọmọ lè ṣe padà, a lè yí iṣẹ́ náà padà, a lè yí ibi tó ti ń ṣe é padà. Oníṣẹ́ tuntun máa ń lu ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Ìlẹ̀kùn kẹta ló sábà máa ń ṣí kíá.

Ìjókòó ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Gun àga gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ ò ní kanlẹ̀, kí o wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ṣé o rí i bí ara ṣe ń mì? Bó ṣe ń rí fún ọmọ tí wọ́n gbé ka àga àgbàlagbà, tí wọ́n ní kó máa kọ̀wé nìyẹn. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹ̀yìn àga, kí orúnkún ká wálẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ nǹkan, ìbáà ṣe àpótí lásán. Kí tábìlì tó ọ̀gangan ìgbúnwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí olùkọ́ ti pè ní ọ̀lẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà ní ọ̀sẹ̀ tí a gbé àpótí sí i lẹ́sẹ̀.

Ó yá, ká padà sórí ẹ̀wù wa. Bí apá kan ọmọ bá le tàbí tó rọ, apá yẹn ló kọ́kọ́ ń wọ ẹ̀wù, apá yẹn ló sì ń kẹ́yìn jáde nígbà bíbọ́. Kọ́ ọ sórí, ìwọ yóò sọ ọ́ fún òbí tó ju ẹgbẹ̀rún lọ kí o tó fẹ̀yìn tì. Ní ti bọ́tìnnì, ẹ̀yìn la ti máa ń kọ́ ọ wá síwájú. Ìwọ tàbí ìyá á de gbogbo rẹ̀ ku èyí tó kẹ́yìn. Ẹ ó ti bọ́tìnnì yẹn náà wọ ojú rẹ̀ dé ìdajì, kó ku kí ọmọ fà á jáde. Ó fà á, ó parí, òun ló wọ ẹ̀wù! Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ fi díẹ̀ sí i sílẹ̀ fún un: kó tì í wọlé fúnra rẹ̀, kó tó fà á. Àǹfààní rẹ̀ ni pé orí àṣeyọrí ni ọmọ ń dúró sí nígbà gbogbo, kì í ṣe pé kó bẹ̀rẹ̀ kí àgbàlagbà wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì ńlá ṣáájú kékeré, lórí tábìlì ṣáájú àyà ara rẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ bá sì ń pẹ́, tí ilé ìwé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, rán bọ́tìnnì mọ́ iwájú ẹ̀wù pa, kí o fi Velcro, aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, sí abẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìyànjẹ. Ìlẹ̀kùn kejì nìyẹn.

Ọmọ tó ti lè ronú kó sì sọ ọ́, jẹ́ kó máa wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí à ń pè ní CO-OP, tó wá láti Kánádà: ọmọ á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á pète bó ṣe máa ṣe é, á ṣe é, á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ète náà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti béèrè, má fún un ní ìdáhùn. Ó nira ju bí o ṣe rò lọ.

Bí pẹ́ńsù bá jókòó lọ́wọ́ ọmọ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tìrẹ, wo ohun tó kọ kí o tó bá ìka rẹ̀ wí. Bó bá ṣeé kà, tó ń yá bó ti yẹ, tí ọwọ́ kò dùn ún, fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ṣọ́ra fún iṣẹ́ ìyanu

Ibi tí òbí bá ti ń sunkún, olùtajà kì í jìnnà. Wọ́n á mú ẹ̀wù wíwúwo, ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú àpótí, àti irú ìfọwọ́ra kan wá bá ọ, kí o bá wọn tà á. Lọ́dún 2013, Iona Novak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà yẹ ọ̀pọ̀ ìtọ́jú tí à ń lò fún cerebral palsy wò, wọ́n sì fi àwọ̀ iná ojú pópó pín wọn: àwọ̀ ewé ni kí a máa ṣe é, pupa ni kí a má ṣe é. Ó wà lára àwọn tó gba àwọ̀ ewé: iṣẹ́ tó dá lórí àfojúsùn ọmọ, lílo ọwọ́ méjèèjì pọ̀ léraléra, ètò tí òbí ń ṣe nílé, àti dídi ọwọ́ tó dáa fún wákàtí díẹ̀ kí èyí tó ń sá fún iṣẹ́ lè ṣiṣẹ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, má dá a ṣe kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó dúró tì ọ́. Ọmọ tí o di lọ́wọ́ láìsí eré tó ń wù ú á kàn máa bínú sí ọ ni. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú àpótí wà lára àwọn tó gba àwọ̀ pupa.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀lára. A. Jean Ayres, oníṣẹ́ OT ọmọ Amẹ́ríkà, ló mú èrò wá pé bí ọpọlọ ṣe ń to ohun tí awọ ara, etí àti oríkèé ń rò fún un lè wà nídìí ìṣòro ọmọ kan. Èrò tó níye lórí ni, ó jẹ́ ká mọ ìdí tí ọmọ á fi máa ké nítorí àmì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí yàrá tó kún fún jáńgírọ́fà àti iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, tí ọmọ ti ń ṣeré níbẹ̀ fún ọdún méjì, tí kò sì tíì mọ bàtà wọ̀. Gé àmì ọrùn ẹ̀wù náà kúrò, kí o kọ́ ọ ní bàtà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: òbí ni oníṣẹ́ gidi

Ìwọ yóò rí ọmọ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ní wákàtí 168. Ẹni tó ni 167 tó kù ni kí o kọ́.

Má fún wọn ní ìwé eré ìdárayá ojú ewé mẹ́fà. Wọn ò ní ṣe é, wọ́n á parọ́ fún ọ pé àwọn ṣe é, ìtìjú á sì jẹ́ kí wọ́n pa ọjọ́ tí ẹ dá jẹ. Béèrè pé, "Bàbá, nínú àárọ̀ yín, ìgbà wo ni ara máa ń rọ̀ yín díẹ̀?" Bí wọ́n bá ní kò sí, gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí o fún wọn, inú ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni kí ó wà: nígbà ìwẹ̀, kó di kànrìnkàn mú, nígbà bíbọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó fà á láti gìgísẹ̀ wá. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú rẹ kí wọ́n tó lọ. Olùkọ́ ilé ìwé náà, bákan náà ni: ọmọ ogójì ló wà níwájú rẹ̀, ìmọ̀ràn tó máa gba ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ohun tó lè pani lára

Má fún ọmọ tó ń húkọ́ tàbí tí ohùn rẹ̀ ń dún bí omi nígbà oúnjẹ ní ohunkóhun jẹ, títí ẹni tó kọ́ nípa gbígbé oúnjẹ mì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Oúnjẹ tó gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ lè pa á. Má wà nínú yàrá tí a ti pa pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn láìsí ẹni tó lè rí yín. Bí o bá rí ojú ọgbẹ́ tí àlàyé rẹ̀ kò bára mu, ẹni tí òfin ibi iṣẹ́ rẹ yàn ni kí o sọ fún lọ́jọ́ náà, má ṣe ìwádìí fúnra rẹ. Ẹ̀yìn tìrẹ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta tí o ń gbé sókè lónìí á di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Kọ́ bí a ṣe ń lo pátákó ìyọ́ (tí èèyàn fi ń yọ́ láti ìjókòó kan sí òmíràn) àti ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn nígbà tí ẹ̀yìn kò tíì ro ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: wíwá iṣẹ́, àti títú ọmọ sílẹ̀

Ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ẹgbẹ́ aláàánú, ilé àwọn èèyàn, ibùdó àdáni: ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí o ti máa ní àgbà tó ń wo iṣẹ́ rẹ, bí owó rẹ̀ bá tilẹ̀ kéré. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á fi ìtàn ọmọ kan síwájú rẹ, wọ́n á ní kí ni wàá ṣe. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtọ́jú sílẹ̀ kò mọ̀ pé ìdẹkùn ni. Ìbéèrè ni kí o fi bẹ̀rẹ̀: kí ni ọmọ náà fẹ́ ṣe, níbo, pẹ̀lú ta ni?

Bí o bá gba iṣẹ́ tán, ọjọ́ tí ọmọ bá wọlé sọ́dọ̀ rẹ ni kí o ti kọ ohun tí yóò jẹ́ kí o tú u sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, kọ ojú ìwé méjì fún òbí àti olùkọ́: ohun tó lè dá ṣe, ibi tó ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ohun tó yẹ kó mú wọn padà wá. Má fi ìfẹ́ dá a dúró.

Ọmọdébìnrin kan wà tí èmi àti ìyá rẹ̀ fi oṣù mẹ́rin bá ẹ̀wù ilé ìwé jà, láti bọ́tìnnì tó kẹ́yìn wá sókè. Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé, mi ò ka ẹẹ́wàá. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ọrùn, ó sì gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní, "tèmi ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́: bọ́tìnnì márùn-ún, ìṣẹ́jú méje, ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ìrànlọ́wọ́: kò gbà.